Wáyà Funfun àti Wáyà Àwọ̀ Ewé

Ẹni tó bá tún sọ lójú mi pé "wáyà kan náà ni gbogbo wáyà," èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa fà á. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Àmúwò, wọ́n sì mọ̀ mí sí oníbìínú níbẹ̀. Wọ́n á fi wáyà ṣájà tí wọ́n rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, fọ́tò ò ní wọlé, wọ́n á wá máa ké pè mí: "Àǹtí, ẹ wá wò ó o, kọ̀ǹpútà yìí ti kó fáírọ́ọ̀sì." Fáírọ́ọ̀sì bàbá ta ni? Tẹ́lẹ̀, màá pariwo lé wọn lórí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀rín ò sí níbẹ̀ mọ́. Màá gba wáyà náà lọ́wọ́ wọn, màá jù ú nù, màá lọ ti ara mi mọ́ tọ́yílẹ̀ẹ̀tì, màá sunkún díẹ̀, màá bọ́jú, màá sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Festac ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ́ńjíníà tẹlifóònù ni Dádì mi níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mọ́mì ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdé. Mọ́mì máa ń sọ ọ́ létí gbogbo àlejò pé ọkọ àwọn ò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan í sọ, pé tẹlifóònù orí tábìlì àwọn ni wọ́n máa ń wá tún ṣe lójoojúmọ́, tẹlifóònù tí nǹkan kan ò ṣe. Dádì á máa wo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí Dádì gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọlé, ẹ̀yìn ẹ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ẹnu ló kún ibẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ní ẹnu róbótó tiẹ̀, máòsì ní tiẹ̀, pírìntà sì ní ẹnu gbàgàdà kan tó léyín bí òòyà. Tí o bá ki máòsì bọ ẹnu kíbọ́ọ̀dù, ó parí nìyẹn. Àfi kó o pa gbogbo ẹ̀, kó o tò ó bó ṣe yẹ, kó o tó tún un tàn. Mọ́mì ló ń fi kọ̀ǹpútà yẹn tẹ ètò ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì máa ń bá a jà bí ẹni pé ó bú ìyá wọn. "Kí ló dé tí gbogbo yín ò lè fi ẹnu kan ṣoṣo jẹun?" Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bi o, kì í ṣe àwa.

Àdúrà yẹn gbà. Kọ̀ǹpútà tó dé tẹ̀ lé e ní ẹnu pẹlẹbẹ, ẹnu kan náà fún máòsì, fún kíbọ́ọ̀dù, fún pírìntà, ó sì ṣe é kì bọ̀ láìpa kọ̀ǹpútà. USB ni wọ́n ń pè é. Dádì sọ fún wa pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ńlá tí wọ́n jọ ń du ọjà ló jókòó pọ̀, tí wọ́n fìkùn lukùn, tí wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnu kan ni kí gbogbo àwọn máa lò. "Ẹ wo àwọn tó ń du oúnjẹ lẹ́nu ara wọn," Dádì ní, "wọ́n gbọ́ra wọn yé. Àwọn onílé àdúgbò yìí nìkan ni ò lè gbọ́ra wọn yé lórí kọ́kọ́rọ́ géètì."

Ti àkọ́kọ́ yẹn kì í yára. Fọ́tò kan á máa wọ́ bí ìgbín. Nígbà tí ìran ẹ̀ kejì dé, ó ń sáré. Ìran kẹta tún dé, wọ́n kun inú ẹnu ẹ̀ ní búlúù, wọ́n fi wáyà kún wáyà inú ẹ̀, eré ẹ̀ tún lé sí i. Fóònù dé, ẹnu náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i, títí tí wọ́n fi ṣe èyí tí kò lórí tí kò nídìí, tó jẹ́ pé bó o bá ṣe kì í bọ̀ ọ́ ló máa wọlé. Mọ́mì ò fẹ́ràn ìyẹn. Ti pẹlẹbẹ àtijọ́ ló bá wọn lára mu, èyí tí o máa kì bọ̀ tí kò ní wọlé, o máa yí i, kò ní wọlé, o tún máa yí i padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó ti wọlé. "Ó kàn fẹ́ kéèyàn bẹ òun ni," Mọ́mì á ní. "Ó jọ ẹnì kan nínú ilé yìí." Dádì ò tún ní gbọ́.

Dádì ló là á yé mi bó ṣe ń ṣiṣẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí a jọ jókòó sí bàkónì, tí a ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n la wáyà kan tó ti bàjẹ́, wọ́n fi inú ẹ̀ hàn mí. Wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà níbẹ̀: pupa, dúdú, funfun, àti àwọ̀ ewé. "Pupa àti dúdú ń gbé iná. Oúnjẹ nìyẹn. Funfun àti àwọ̀ ewé ń gbé ọ̀rọ̀." Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni àgbà, ohunkóhun tí a bá so mọ́ ọn ni ọmọdé. Tí ọmọdé bá wọlé, á fi han àgbà pé òun ti dé, á wá dákẹ́. Àgbà á bi í: ìwọ ta ni, ọmọ ta ni ọ́, kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ọmọdé á dáhùn, àgbà á sọ ọ́ lórúkọ tí á máa fi pè é, ìgbà yẹn niṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé kì í dá ọ̀rọ̀ sọ; àgbà ló máa ń bi í.

"Tí funfun àti àwọ̀ ewé bá wá já ńkọ́, Dádì?"

"Á máa jẹun," wọ́n ní. "Àmọ́ àgbà ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bu ẹ̀pà sí i.

Ní ti Mọ́mì, wọ́n ní àṣà kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi oríkì jí wa. Oríkì ìdílé wọn ni, ẹnu ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Pásítọ̀ kan bá wọn wí nígbà kan, Mọ́mì ní, "Ẹ má bínú, sà, Ọlọ́run tó dá ẹnu tí mo fi ń kọrin náà ló dá ẹnu ìyá mi." Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, orí fóònù ni wọ́n ti ń kì mí. Nígbà tí àbúrò mi rìnrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó, bákan náà ni. Ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n gbà á sílẹ̀ kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí òun lè máa gbọ́ ọ nígbà tó bá wu òun. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ máa gbọ́ èémí ẹni tí mò ń kì."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó lóyún. Ẹni tí kò bá tíì wà nírú ipò yẹn rí, kó má wulẹ̀ sọ pé òun mọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ kan, mo ti ibi ìkómọ ọ̀rẹ́ mi kan gba ilé Mọ́mì lọ, mo gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sì ké bí ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí n ké tẹ́rùn. Wọ́n wá mú fóònù wọn, wọ́n gbé e sí mi láyà. "Ọmọ ẹ wà níbí," ni Mọ́mì wí. "Mo ti kì í sínú ẹ̀. Mo kì í bí ọkùnrin, mo kì í bí obìnrin, mo sì ti fún un lórúkọ oríkì, èyí tó bá wù ú kó yàn láti jẹ́. Tìrẹ àti ti àbúrò ẹ náà wà níbẹ̀, nítorí ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́."

Nílé tiwa, ìyá àgbà ló máa ń fún ọmọ lórúkọ oríkì. Ìyá Mọ́mì ló fún mi ní tèmi. Mo bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. "Olójúkòkòrò! Ṣé ìwọ ni mo kì ni? Ọjọ́ tó o bá bí i, ẹ ó jọ gbọ́ ọ."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni tiransífọ́mà àdúgbò wọn jó, iná sì lọ pátápátá. Mọ́mì wá ń gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣájì fóònù, níbi tí fóònù gbogbo àdúgbò ti ń rọ̀ dirodiro lára àpótí kan. Ni ìyá kan bá sọ nínú ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé bí wọ́n ṣe ń fún fóònù èèyàn ní iná níbòmíràn ni wọ́n ń kó ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ. Àyà Mọ́mì já. Dádì ní kí wọ́n fi páásìwọ́ọ̀dù ti fóònù náà pa. Mọ́mì ní ká má rí i, wọ́n ní èyí tí àwọn fi sí i nígbà kan, àwọn gan-an ló tì síta.

Ni Dádì bá mú wáyà ṣájà Mọ́mì. Wọ́n fi abẹ là á, wọ́n gé funfun, wọ́n gé àwọ̀ ewé, wọ́n fi pupa àti dúdú sílẹ̀, wọ́n sì dì í padà débi tí ojú lásán ò lè fi rí i. Wáyà náà á máa gbé oúnjẹ fún fóònù, kò sí ọ̀rọ̀ tó máa gba ibẹ̀ jáde. Ọwọ́ Dádì nìyẹn; wáyà ni wọ́n fi ń bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ látilẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ. Ìgbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu ni èmi tó gbọ́.

Mo lóyún. Mọ́mì jó yí ilé ìdáná ká, wọ́n jó débi tí ọbẹ̀ fi jóná. Ṣùgbọ́n oyún náà ní wàhálà, dókítà sì ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má rìn. Orí ìdùbúlẹ̀ yẹn ni mo wà tí ọkọ mi fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò lè wò mí lójú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mọ́mì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, fóònù ọwọ́ wọn já lu sìmẹ́ǹtì, wọn ò sì dé ọsibítù. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá mi. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo sílíìnì. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí gan-an ni.

Àbúrò mi wálé fún ìsìnkú náà, ààyè tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ ò sì gùn. Ojú fóònù Mọ́mì ti ṣú, kò ṣe é tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá so ó mọ́ iná, á gbọ̀n lọ́wọ́ èèyàn, tó fi hàn pé ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀. Mo bẹ àbúrò mi lórí fóònù tèmi: "Jọ̀ọ́, bá mi kó ohùn Mọ́mì jáde." Iṣẹ́ kékeré ni. Fóònù àtijọ́ ni, kò ní páásìwọ́ọ̀dù, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá ti kan kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹrù inú ẹ̀ á yọ síta. Ó wo inú báàgì Mọ́mì, ó rí wáyà tó bá fóònù náà rìn, ó sì mú un. Ta ni ò ní mú un?

Fóònù gbọ̀n. Láptọ́ọ̀pù dákẹ́. Ó kì í bọ gbogbo ẹnu tó wà lára láptọ́ọ̀pù ẹ̀, ó pa á, ó tún un tàn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Inú ẹ̀ ti kú."

Mo ní, "Ṣé wáyà yẹn dáa?"

"Ti Mọ́mì fúnra wọn ni. Òun ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́."

Mo gbà á gbọ́. Dádì wà nílé bí gbogbo èyí ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó ẹ̀, ṣé wáyà ló máa rántí? Ọmọ tó ti ìlú òyìnbó dé ti ní ó kú, ó kú náà nìyẹn. Lẹ́yìn tó padà lọ, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wá bá Dádì palẹ̀ ẹrù Mọ́mì mọ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín gèlè, wọ́n pín bàtà. Kò sẹ́ni tó mú fóònù. Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kọjá, tó ń ké pé òun ń kó ẹrù kọ̀ndẹ́mù, Dádì fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú fáànù tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wo ohun tó ń jẹun tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bí ọmọ mi. Obìnrin ni, orí ẹ̀ kún fún irun. Ọkọ mi, Ọlọ́run á bù kún un, ló ní ká lọ kó ọmọ jáde nílé Dádì ní Festac, kí ilé náà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Bàtà ni mo kàn bọ́ lẹ́nu ọ̀nà tí mo fi béèrè fóònù. Mo ti rò ó pé màá pààrọ̀ ojú ẹ̀, màá fi ọwọ́ ara mi gbìyànjú ẹ̀ wò. Dádì wolẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti fún oníkọ̀ndẹ́mù."

Nígbà tó ku ọ̀la tí a ó sọ ọmọ lórúkọ, mo fẹ́ kó fọ́tò ọmọ sórí láptọ́ọ̀pù. Mo rí wáyà kan nínú dúrọ́ọ̀ tó wà ní yàrá Mọ́mì, mo fi so fóònù mi. Fóònù mi ń gba iná. Láptọ́ọ̀pù dákẹ́. Mo wá abẹ, mo la wáyà náà. Funfun àti àwọ̀ ewé, wọ́n gé wọn já, wọ́n sì fi téèpù di ẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ṣe ń dì í. Mo mọ ọwọ́ tó ṣe é bí mo ṣe mọ ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé.

Mo fi aṣọ ọmọ di ẹnu mi kí wọ́n má bàa gbọ́ mi. Inú bí mi o, mi ò ní purọ́. Inú bí mi sí ìyá inú ìpàdé obìnrin yẹn, sí àbúrò mi, sí Dádì, sí Mọ́mì pàápàá. Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ díẹ̀? Díẹ̀ péré? Nígbà tí inú mi rọ̀, mo pinnu pé Dádì ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bàbá tó ń jí láàárọ̀ tó ṣì ń bu omi ìwẹ̀ ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, ṣé èmi ni màá sọ fún un pé òun ló gé ohùn ẹ̀? Mo ká wáyà náà, mo sì tì í sábẹ́ ìdí ẹrù ọmọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dádì wọlé. Láti ìgbà tí a ti dé ni wọ́n ti ń jáde lójoojúmọ́, wọ́n ní àwọn ń nasẹ̀. Lọ́jọ́ náà, eruku bo bàtà wọn dé ọrùn ẹsẹ̀, àpò náílọ́ọ̀nù kan sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dà á sórí tábìlì. Òkú fóònù ni, oríṣiríṣi, gbogbo wọn jọ ti Mọ́mì.

"Máìlì Tú ni mò ń lọ," wọ́n ní. "Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ti ọmọlanke ń kó ẹrù jọ sí. Mi ò rí ọkùnrin ọjọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní gbogbo èyí tó bá jọ ọ́."

"Dádì..."

"Èmi ni mo gé wáyà yẹn. Bó o ṣe béèrè fóònù ni mo rántí." Wọn ò wo ojú mi. "Má jẹ́ kí àbúrò ẹ gbọ́ o. Á máa rò pé ẹ̀bi òun ni."

Mo dì mọ́ wọn, wọ́n rọra yọ ara wọn. "Dán wọn wò," wọ́n ní.

Mo mú wáyà tèmi, èyí tó dáa, mo ń so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti mọ̀ pé ti Mọ́mì ò sí níbẹ̀. Ti Mọ́mì ní ibi tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti sán. Ṣùgbọ́n Dádì dúró tì mí, wọ́n ń wo ojú láptọ́ọ̀pù bí ẹni tó ń dúró de dókítà, mo ṣáà ń so wọ́n. Wọn ò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan dáhùn. Láptọ́ọ̀pù dún, Dádì di àga mú, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí, tó fara ti mọ́tò, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Pa á dé," Dádì ní. "Ẹrù ẹlẹ́rù ni."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn pé, pásítọ̀ gbé ọmọ lọ́wọ́, àwọn ẹbí sì ń sọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ kó máa jẹ́. Nígbà tó yá, ìyá ọkọ mi dìde, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ó ku orúkọ oríkì. Tí kì í bá ṣe ikú, ìyá ìyàwó wa ni ì bá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá wọn fún un."

Àwọn èèyàn ń ṣe àmín lọ́wọ́ nígbà tí Dádì dìde. Wọ́n ṣí fìlà. "Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ó ti ní orúkọ oríkì."

"Àṣé!" inú ìyá ọkọ mi dùn. "Kí ló ń jẹ́?"

Dádì ya ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n wo èmi, mo wo ilẹ̀.

"A ò mọ̀ ọ́n ni," Dádì wí. "Ṣùgbọ́n ó ti ní i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní òmíràn."